Ẹni Tí Yóò Dúró fún Ẹ̀bùn

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ oko kajú olóògbé Jean-Baptiste, ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó dáhùn sí ìpè méjì. Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ béèrè ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Lassissi dìde, ó ní òun nìyí. Akọ̀wé tún béèrè ẹni tí ó wá dúró fún ọmọdé tí ó pe ẹjọ́. Lassissi kò tíì jókòó. Ó ní òun náà ni.

Adájọ́ gbé ojú kúrò lára ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀. Faransé ni adájọ́ ń sọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Boris sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa fún àwọn tí kò gbọ́. Adájọ́ sọ gbólóhùn kúkúrú kan. Boris kọ́kọ́ pa ẹnu mọ́ ẹ̀rín kí ó tó túmọ̀ rẹ̀.

“Bàbá, adájọ́ ní ṣé ẹ̀yin àti ara yín ni ẹ jọ ń jà ni?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tí ẹjọ́ tirẹ̀ kò tíì kàn sọ láti ẹ̀yìn pé ẹjọ́ yìí yóò tètè parí, nítorí ẹni tí ó bá jẹ̀bi náà ni yóò jàre. Àbẹ̀ní, ìyàwó Lassissi, jókòó sórí àga gbọọrọ tí ó wà níwájú, ó gbé ọmọ ọwọ́ lé itan, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀bùnolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀, jókòó tì í, ó di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Òun ni ó ni ẹjọ́ náà.

Lassissi kò bínú. Ó dáhùn bí ẹni tí ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó ní, “Èmi ni mo ṣú ìyá ọmọ náà lópó nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá wà láyè, ta ni yóò tún dúró fún ọmọ?”

Ní ti àṣà wa, kò purọ́. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, ẹni tí ó bá ṣú opó, ó ti ṣú ọmọ pọ̀ mọ́ ọn. Òun ni yóò rán ọmọ níṣẹ́, òun ni yóò bá a wí, òun ni àwọn àna yóò wá bá nígbà tí ó bá tó ọkọ fẹ́. Kò sí ẹni tí ó máa ń rò ó pé ọjọ́ kan lè dé tí ohun tí bàbá fẹ́ àti ohun tí ó tọ́ sí ọmọ yóò dojú kọ ara wọn, tí a ó sì bá bàbá ní ìhà méjèèjì. Lassissi fúnra rẹ̀ kò rò ó. Kì í ṣe pé ó wá fi ọgbọ́nkọ́gbọ́n gba nǹkan. Ohun tí ó gbàgbọ́ ni ó sọ.

Adájọ́ ní kí ó jókòó sí ìhà àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́, kí ó má sì kúrò níbẹ̀. Ó ní òfin kò gbà kí ẹnì kan gbé ẹnu ọmọdé sọ̀rọ̀ nínú ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń bá ọmọdé náà ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó wo àga iwájú, ó béèrè pé ìyá ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó wà níbẹ̀.

Ramatou ni ó dáhùn kí Àbẹ̀ní tó lanu. Ó ní ó wà níbẹ̀, òun nìyẹn, kí wọ́n má wo bí ó ṣe sorí kọ́, ènìyàn dáadáa ni. Ramatou yìí ni àkọ́bí bàbá Jean-Baptiste àti Lassissi. Aránṣọ ni, ní àdúgbò Plateau ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó ń gbé, òun ni ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ ní orúkọ Ẹ̀bùn. Gbogbo ìdílé ni ó bẹ̀rù ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, Àbẹ̀ní ni ẹnu náà fẹ́ gbà là, èyí sì ni ó ń dun Àbẹ̀ní jù.

Ó yẹ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kan ni ó bí Jean-Baptiste àti Lassissi, ìyá wọn ni kò jẹ́ ọ̀kan. Jean-Baptiste bá ìyá tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Lassissi bá ìyá tirẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì jọ ń jẹun nínú agbo ilé kan ní Kaboua láìsí pé ẹnì kan ń yọ ẹnì kejì lẹ́nu. Nígbà tí Jean-Baptiste tó ọkọ́ gbé, kò dúró de ìpín nínú oko bàbá. Ó lọ sí òdì kejì odò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi àdá kàn rí, ó tọrọ ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé, ó sì ṣán an fúnra rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣán igbó ni ó ni ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń jiyàn èyí. Nígbà tí Àbẹ̀ní wọlé ọkọ, àwọn igi kajú náà kò ju orúnkún lọ. Òun ni ó ń ru omi láti odò lọ bu sí ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọdún tí òjò kò tètè rọ̀. Nítorí náà, nínú gbogbo ayé, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ju Àbẹ̀ní lọ pé oko náà kì í ṣe oko bàbá ẹnikẹ́ni bí kò ṣe bàbá Ẹ̀bùn.

Jean-Baptiste kú láìtọ́jọ́. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Nígbà tí Àbẹ̀ní ṣe opó tán, àwọn àgbà pè é, wọ́n ní kí ó mú ẹni tí ó bá wù ú nínú àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀. Wọn kò fi ipá mú un. Lassissi ni ó mú, kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ó tún òrùlé rẹ̀ ṣe kí òjò tó dé, kò sì yọ Ẹ̀bùn kúrò ní ilé-ìwé. Bí ó bá fẹ́ bá Àbẹ̀ní sọ̀rọ̀, yóò gbé àpótí wá sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó, ohùn rẹ̀ kò sì ní ga. Ní ọdún kejì, Àbẹ̀ní bí ọkùnrin fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Kamarou. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti dẹ́kun pípè é ní Ìyá Ẹ̀bùn. Ìyá Kamarou ni ó kù tí wọ́n ń pè é. Òun náà ń jẹ́ ẹ.

Ọdún náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin Kaboua ní ìwé kíkà ní èdè wa, lábẹ́ àtíbàbà, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọ̀. Àbẹ̀ní lọ. Ojú tì í ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ tí ó mọ ọkọ́ dì mú kò mọ bí a ti ń di gègé mú. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bùn ń dúró tì í nílé. Bí wọ́n bá jẹun tán, ọmọ náà yóò mú ìwé wá, yóò fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀, yóò ní, “Ẹ tún un kà, Ìyá. Ẹ má sáré.” Kí ọdún tó parí, Àbẹ̀ní lè ka ojú ewé kan láìdúró. Kò sí ohun tí ó tíì dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ó yá, wọ́n kéde pé kí olúkúlùkù wá gba ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ní méríì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Lassissi kó àwọn àgbà jọ. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ilẹ̀ ìdílé ṣe jẹ́, kí àjèjì má bàa wá jí i mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ó pe ọmọkùnrin kan tí ó mọ̀wé láti Boni ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ náà kọ ọ́ ní èdè wa, ó sì bá ti ara rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó tó àkókò láti tẹ ìka, àgbà kan ní òun kò ní tẹ ìka sí ohun tí òun kò gbọ́. Ta ni yóò kà á fún àwọn? Lassissi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó mi ń bẹ níhìn-ín, ó mọ̀wé.”

Àbẹ̀ní nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ, ó gba ìwé náà, ó dìde láàárín àwọn ọkùnrin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ẹni tí ó ń kàwé bíi ti Àbẹ̀ní nígbà náà, lẹ́tà ni ó ń lé kiri. Ojú rẹ̀ a ti kọjá lórí ìlà kan kí ìtumọ̀ rẹ̀ tó dé inú rẹ̀, bí ìgbà tí a bá rí ẹni tí ń gé igi lókèèrè, tí àáké ti balẹ̀ kí ìró rẹ̀ tó dé etí wa. Ó ka orúkọ bàbá wọn. Ó ka orúkọ odò. Ó kà á pé ilẹ̀ tí ó wà ní òdì kejì odò, pẹ̀lú igi kajú orí rẹ̀, ti bàbá wọn ni, pé àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó wà láyè ni ó ni ín, pé ẹlòmíràn kò ní ìpín níbẹ̀. Àwọn àgbà ń mi orí, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà náà ni ìró àáké dé.

Ìlà méjì ni ó kù. Ó lè dákẹ́. Ó lè ní ojú ń dun òun. Ó lè wí pé, ẹ̀yin bàbá, ohun tí ó wà níhìn-ín kì í ṣe òtítọ́, èmi ni mo bu omi rin àwọn igi yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ń sọ lábẹ́ ohùn pé ẹnu obìnrin yìí dá ṣáká, Kamarou sì ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ó gbóná, ó wúwo. Ó ka ìlà méjèèjì dé òpin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àgbà tí ó kọ́kọ́ kọ̀ ní àwọn ti ní akọ̀wé nínú ilé báyìí. Gbogbo àwọn yòókù tẹ ìka sí ìwé náà. Àbẹ̀ní ní kí wọ́n fún òun ní gègé, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, lẹ́tà tí ó dúró gbọnhin.

Nígbà tí ó délé, Ẹ̀bùn béèrè ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè wọ́n jọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ààlà ni. Ọmọ náà béèrè bóyá wọ́n gbé ìwé fún un kà. Ó ní rárá, ibi tí òun yóò kọ orúkọ sí nìkan ni wọ́n fi han òun.

Wọ́n lẹ ìkéde ilẹ̀ náà mọ́ ara ògiri méríì, kí ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ rò wá rò ó. Ẹnì kan tí ó wá gba aṣọ lọ́dọ̀ Ramatou ni ó sọ fún un. Ramatou pa ẹ̀rọ aránṣọ rẹ̀ tì, ó gun zẹ́mìjáànì, alùpùpù akérò, dé Kaboua ní ọjọ́ náà gan-an, ó sì dúró sí ojúde, ó sọ ọ̀rọ̀ náà lójú Lassissi. Ó ní ojú òun ni Jean-Baptiste ṣe ṣán igbó yẹn, òun ni ó sì yọ ẹ̀gún kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Lassissi ní àwọn ìyá wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n bàbá wọn ò yàtọ̀, ohun tí ọ̀kan ní, gbogbo wọn ni ó ni ín. Wọ́n ò gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí Ramatou bi Àbẹ̀ní léèrè ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, Ẹ̀bùn ni ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ní ìyá òun kò mọ̀ nípa rẹ̀, ibi tí yóò kọ orúkọ sí nìkan ni wọ́n fi hàn án. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà, ó fi ara rẹ̀ ṣe asà fún ìyá rẹ̀. Àbẹ̀ní gbọ́ ọ, kò sì tún un ṣe.

Irọ́ yìí ni wọ́n jọ gbé wá sí ilé-ẹjọ́.

Ramatou rò ó fún adájọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní wọ́n tan ìyàwó àwọn jẹ ni. Ó ní wọ́n ní kí ó kọ orúkọ, ó kọ orúkọ, bí wọ́n bá ní kí ó kọ ọ́ sára ewúrẹ́, yóò kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí kò pẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn ènìyàn tún rẹ́rìn-ín. Boris túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ ronú, ó sì sọ pé bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ìyá náà kò bá mọ ohun tí ó fọwọ́ sí, a jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ bí wọ́n ṣe rẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ. Òun lè jẹ́ kí ìyá dúró fún ọmọ nínú ẹjọ́ yìí, bí ó tilẹ̀ ń gbé nílé ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ìyá fúnra rẹ̀.

Àbẹ̀ní gbé Kamarou lé Ramatou lọ́wọ́, ó sì dìde.

“Ìyá,” ni Boris wí, “adájọ́ ń béèrè pé nígbà tí ẹ kọ orúkọ yín sí ìwé yìí, ṣé ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀?”

Ohun tí ó jẹ́ ìyanu ni pé gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ ìdáhùn kan náà. Ramatou fẹ́ kí ó ní rárá, kí ẹjọ́ lè lọ síwájú. Ẹ̀bùn fẹ́ kí ó ní rárá, nítorí ohun tí ó gbàgbọ́ nìyẹn. Àbẹ̀ní wo Lassissi, ó sì rí i pé Lassissi náà ń rọra mi orí sí i bí ẹni tí ń gba ọmọ níyànjú pé kí ó mu oògùn. Ọ̀rọ̀ kan tí ó lè sọ nìyẹn, ìtìjú ì bá sì kọjá lórí rẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Àwọn obìnrin ì bá káàánú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó mọ ìdí tí ara fi tu Lassissi. Wọn yóò jọ padà sí Kaboua. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé àpótí wá sí ẹnu ọ̀nà.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni Àbẹ̀ní wí.

Boris kò túmọ̀ rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa?”

“Mo gbọ́ ọ. Èmi ni mo kà á sókè fún àwọn àgbà. Kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n kà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni kí n tó kà á tán, mo sì kà á tán.”

Nígbà tí Boris sọ ọ́ ní Faransé, adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó béèrè ìdí. Àbẹ̀ní wá ìdí tí ó tóbi, kò rí. Ó ní, “Wọ́n ń yìn mí. Mo sì ti bí ọkùnrin, mo ní bí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi kan, ọwọ́ ọmọ mi kejì ni yóò bọ́ sí.” Ó kọjú sí adájọ́. “Ẹ má fi mí dúró fún un. Bí a bá délé, tí bàbá Kamarou bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, tí ó gbé ìwé mìíràn wá, màá tún kà á. Mo mọ ara mi.”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ramatou sọ lábẹ́ ohùn pé, “Ìyàwó wa, o ti pa wá,” ó sì ń gbọn Kamarou lórí itan bí ẹni pé ọmọ náà ni ó ń ké. Àbẹ̀ní jókòó padà. Kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé ọwọ́ tí ó ti di etí aṣọ òun mú láti àárọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀bùn ti ká ọwọ́ méjèèjì jọ sí itan ara rẹ̀, ó sì ń wo iwájú gan-an, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe máa ń jókòó nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n.

Adájọ́ ní ọ̀rọ̀ ti yé òun. Ó ní ọmọdé kò lè dá ẹjọ́ rò, ẹni tí ó yẹ kí ó rò ó fún un sì ti sọ pé kí wọ́n má fi òun sí i. Nítorí náà, ilé-ẹjọ́ ni yóò yan alágbàtọ́ fún un, fún ẹjọ́ yìí nìkan. Ramatou sáré gbé ọwọ́ sókè. Adájọ́ ní kò lè jẹ́ Ramatou. Ọmọ bàbá kan náà ni Ramatou pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní ilẹ̀ bàbá ni, ó lè ní ìpín níbẹ̀.

“Èmi?” ni Ramatou wí. “Èmi tí mo ń ránṣọ? Abẹ́rẹ́ ni n ó fi ro oko kajú?”

Boris ò túmọ̀ ìyẹn.

Ẹni tí wọ́n yàn ni Géraldine, obìnrin tí ìjọba gbà síṣẹ́ láti máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Ìhà Pobè ni ó ti wá, bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ènìyàn ní láti tẹ́tí kí ó tó mọ̀ pé èdè wa náà ni. Igun ilé ni ó jókòó sí láti àárọ̀, ó ń kọ nǹkan. Adájọ́ bi Ẹ̀bùn bóyá ó gbà á. Ẹ̀bùn dìde, ó ní òun gbà á. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Boris kà á fún gbogbo ènìyàn pé Géraldine ni yóò gbé ẹnu ọmọ náà sọ̀rọ̀ títí ẹjọ́ oko yóò fi parí, pé ọ̀rọ̀ oko yìí nìkan ni. Nínú gbogbo nǹkan yòókù, ìyá rẹ̀ ṣì ni ìyá rẹ̀.

Àbẹ̀ní gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yìí, ó sì dùn ún ju èébú lọ. Kò mọ̀ rí pé jíjẹ́ ìyá lè di ohun tí a ń kọ sínú ìwé.

Nínú ọkọ̀ tí ó gbé wọn padà sí Kaboua, Lassissi jókòó níwájú lọ́dọ̀ awakọ̀. Ní ojúde ni ó tó yí padà sí i, kò sì pariwo. Ó ní, “Mo sọ fún wọn pé ìyàwó mi mọ̀wé. N kò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n tó báyìí.” Ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, kò gbé àpótí wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ó ń fún wọn ní oúnjẹ, ó ń bi í bí ara Kamarou ṣe rí, ó parí síbẹ̀.

Ti abúlé burú ju ti ọkọ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ délé. Bí ó bá lọ pọnmi, wọn a kí i pé, “Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o,” wọn a sì fà sẹ́yìn kí ó lè kọ́kọ́ pọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò. Àwọn kan bínú sí i pé ó ta ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn bínú pé ó ta ọkọ rẹ̀ níwájú adájọ́. Ó wá rí i pé òun kò lè bá ìhà kankan jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sódò ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn ti lé gbogbo ènìyàn sínú ilé. Kò dé abẹ́ àtíbàbà mọ́.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹ̀bùn ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Bí ó bá rán an níṣẹ́, ó ń jẹ́ ẹ. Ó ń pọn Kamarou. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jẹun tán, yóò mú ìwé tirẹ̀, yóò lọ jókòó sí ìdí ògiri kejì, yóò máa kà á sínú. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni kò fi sọ ohunkóhun tí kì í ṣe ìkíni tàbí iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ka àwọn ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Géraldine dé. Lassissi ti mọ̀ pé yóò wá, ó ti gba ìlú lọ. Géraldine mu omi, ó kí gbogbo ilé pẹ̀lú èdè Pobè rẹ̀, ó bá Kamarou ṣeré díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí sí Àbẹ̀ní, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ohun tí ó fẹ́ sọ kò rọrùn fún un.

“Ìyá wa, ẹ má bínú. Èmi àti Ẹ̀bùn nìkan ni ó yẹ kí a jọ sọ̀rọ̀. Bí òfin ṣe wí nìyẹn.”

Àbẹ̀ní ní kò sí ìbínú. Nínú yàrá òun ni ẹni tí kì í ṣe ará ilé ti ní kí òun jáde, kí ó lè bi ọmọ òun ní ohun tí òun ṣe. Ó gbé atẹ ẹ̀pà tí ó fẹ́ bó, ó pọn Kamarou, ó sì jókòó sí ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ó gbọ́ ohùn Géraldine, tí ó ń béèrè nǹkan. Ó gbọ́ ohùn Ẹ̀bùn, kékeré lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára, ó ń yára, ó ju bí ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Àbẹ̀ní dá ọwọ́ dúró lórí atẹ. Ó gbọ́ “ìyá mi”. Ó tún gbọ́ “mo bi wọ́n, wọ́n ní rárá”. Bí ó bá sún mọ́ ilẹ̀kùn díẹ̀ sí i, yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Inú rẹ̀ ń fẹ́ gbọ́ ọ bí ẹni tí ọgbẹ́ ń yún.

Ó dìde, ó gbé atẹ náà lọ sí abẹ́ igi máńgòrò. Ohùn náà ṣì ń dé ibẹ̀, tín-ín-rín. Ó tún dìde, ó kọjá ìdí ààrò, ó dé ẹ̀yìn ọgbà ewúrẹ́, níbi tí kò ti gbọ́ nǹkan kan mọ́ àyàfi ewúrẹ́. Ibẹ̀ ni ó jókòó sí, nínú oòrùn, ó ń bó ẹ̀pà.

Nígbà tí ó pẹ́, Géraldine wá a kiri títí ó fi rí i níbẹ̀. Ó wo bí ilé ṣe jìnnà sí ẹ̀yìn ọgbà. Ó ní òun yóò tún padà wá ní Sátidé tí ń bọ̀, kí Ìyá má ṣe bi ọmọ náà ní ohunkóhun títí di ìgbà náà. Àbẹ̀ní ní òun kò ní bi í. Ó sìn ín dé ojú ọ̀nà, ó sì padà sídìí atẹ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ẹ̀bùn yọ. Ó dúró lókèèrè díẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ ní òdì kejì atẹ náà, kò sún mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ wú. Ó mú ẹ̀pà kan, ó fọ́ ọ, ó dà á sílẹ̀, ó mú òmíràn.

“Ẹ kò ní béèrè?” ni ó wí.

“Rárá.”

“Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Èyí tí ẹ sọ níwájú adájọ́, àti èyí tí ẹ sọ fún mi ní ọjọ́ tí ẹ ti ìpàdé dé.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni Àbẹ̀ní wí.

Ó wà ní ètè rẹ̀ láti wí pé, ọmọ mi, dárí jì mí. Ó ti ń wá àyè fún un láti ọjọ́ mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n ó wo ojú tí ó wú yẹn, ó sì rí i pé bí òun bá sọ ọ́, ọmọ náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò fi tu òun nínú, bí ó ti ṣe fi ara rẹ̀ ṣe asà fún òun níwájú Ramatou. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó rọra ti atẹ náà síwájú, kí ọwọ́ ọmọ lè tó o láìsí pé ó nà án, wọ́n sì ń bó ẹ̀pà náà lọ.